Ìyàwó Mi àti Alágbẹ̀dẹ Inú Ilẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́ lóòótọ́, ẹ má bi ọ̀rẹ́ yín, nítorí ọ̀rẹ́ á pọ́n yín lé. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi wo ohun tí ẹ dà sí ààtàn. Nígbà tí àwọn ayálégbé tuntun kó sí ìsàlẹ̀ ilé wa, wọn ò tíì gòkè wá kí wa tí ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, fi sọ fún mi pé ẹnì kan wà láàárín wọn tó ń fi ọwọ́ òsì ro oúnjẹ, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, àti pé wọ́n fẹ́ kí àdúgbò máa wo àwọn bí olówó. Mo ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́ ọlọ́pàá?” Ó ní òun ò tojú bọ ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣíbí onígi tí wọ́n jù nù, ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó gbó kọ́ ló gbó. Ó ní páálí àwo olówó ńlá ni wọ́n tò síwájú ìta kí gbogbo ayé lè rí i, ṣùgbọ́n àwo ike tí wọ́n fi ń jẹun gan-an ló fọ́ sínú àpò dúdú tí wọ́n so lẹ́nu pinpin.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “ohun tí ènìyàn gbé síwájú, ìyẹn ni ẹni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ohun tó lò títí tó fi gbó, ìyẹn ni ẹni tó jẹ́. Àwa awalẹ̀pìtàn, méjèèjì la máa ń wá.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sun ìdọ̀tí tèmi fúnra mi. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ní àṣírí díẹ̀ nínú ilé rẹ̀.

Káfíńtà ni mí. Iṣẹ́ ló gbé wa pàdé. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló pè mí pé kí n wá kan àpótí létí kòtò tí wọ́n ń gbẹ́. Mo débẹ̀, mo bá ọmọbìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀ nínú kòtò, ó ń fi ṣíbí kékeré ha ilẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo ní kí n sún mọ́ ọn, kí n kí i dáadáa, ló bá pariwo mọ́ mi: “Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò! Orí ṣáláńgá lẹ dúró sí o!” Mo fò sókè bí ẹni tẹ ejò mọ́lẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ bàtà mi lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí nǹkan kan. Àṣé ṣáláńgá àwọn ará àtijọ́ ni, ó ti di erùpẹ̀ dúdú tipẹ́tipẹ́. Ó ní ibẹ̀ lòun ti fẹ́ mọ̀ bóyá olówó ilé náà ń jẹ ẹran ju àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo wò ó títí. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé obìnrin tó bá lè bọ̀wọ̀ fún ìgbẹ́ òkú tó báyìí, á bọ̀wọ̀ fún èmi tí mo wà láàyè. Mi ò ṣì í. Mo fẹ́ ẹ, ó bí ìbejì fún mi, àwọn méjèèjì sì ti dàgbà, wọ́n ti fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ara wa.

Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Oníburọ́ọ̀ṣì, nítorí burọ́ọ̀ṣì kékeré kan kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbejì jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo ibi tó wáṣẹ́ dé, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín. Wọ́n ní kó wá máa tẹ̀wé lọ́fíìsì. Wọ́n ní oòrùn á pa á, kòtò á ya lù ú. Bàbá yìí nìkan ló na ṣọ́bìrì sí i tó ní, “Bọ́ sínú kòtò, ọmọ mi, ká rí ọ.” Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀ sórí pákó kí ẹsẹ̀ má baà ba ilẹ̀ jẹ́. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì mọ eérú yàtọ̀ sí erùpẹ̀. Bàbá tó bí ìyàwó mi ti kú kó tó gbọ́njú, nítorí náà ọ̀dọ̀ Bàbá Oníburọ́ọ̀ṣì ni mo lọ nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé aṣọ rẹ̀ á máa dọ̀tí lójoojúmọ́. Mo ní mo mọ̀. Ó ní, “Ó dáa, máa fọ̀ ọ́.” Mo ń fọ̀ ọ́ títí dòní, ẹ lè bi ará ilé mi.

Iṣẹ́ tó gbé Bàbá yìí ga ni ti Alágbẹ̀dẹ. Kí n tó dé àárín wọn ló ti rí i. Ẹnì kan ni, tí wọ́n tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láyé àtijọ́, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́, ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́rùn. Àwọn sàréè yòókù tó wà nítòsí, òfìfo ni gbogbo wọn. Bàbá ní àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí fún ẹni yẹpẹrẹ. Ó ní ọkùnrin pàtàkì ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún. Ìwé ìròyìn gbé e. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wò ó lọ, wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ti gé ilẹ̀ náà ní odindi pẹ̀lú egungun inú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ àti ẹfun tútù dì í bí dókítà ṣe ń di ẹsẹ̀ tó dá, wọ́n sì gbé e sínú àpótí gíláàsì bí ilẹ̀ ṣe gbé e sùn gan-an. Èmi ni wọ́n ní kí n gbẹ́ ère rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Mo gbẹ́ ọkùnrin gìrìwò kan, àyà bí ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n wálẹ̀ dé ìdodo. Kí n má purọ́, ojú ara mi ni mo wò nínú dígí tí mo fi gbẹ́ ojú rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Bàbá fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó sì ṣú pátápátá. A máa ń lọ kí i, Ìyá Ìbejì á máa ka ohun tuntun tí wọ́n wú fún un. Ọ̀rọ̀ kan ni kì í kúrò lẹ́nu Bàbá. Á ní ohun kan ṣoṣo tí òun ṣì ń rí nínú òkùnkùn yìí ni ọjọ́ tí òun fi burọ́ọ̀ṣì gbá erùpẹ̀ kúrò lórí òòlù náà. Nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wá kọ́ yàrá tuntun, wọ́n ní orúkọ Bàbá làwọn máa fi sọ ọ́, Alágbẹ̀dẹ ló sì máa wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó sunkún, ìyàwó mi náà sunkún. Èmi lọ gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n má baà rí tèmi.

Ikán ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n ti jẹ ìdí àpótí àtijọ́ náà, amọ̀ tó wà lábẹ́ òkú sì ti ń là. Wọ́n ní kí n kan tuntun. Kí wọ́n tó lè ṣí i nípò, Ìyá Ìbejì ní láti fọ amọ̀ líle tó wà lápá ìsàlẹ̀ kúrò, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Mo wà nínú yàrá iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, mò ń wọn pákó. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí i tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí.

Mo ní, “Kí ló dé? Ṣé ó fọ́ ni?”

Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ wá. Ẹ mú àtàńpàkò yín wá.”

Ó gbé egungun ìbàdí kan fún mi, ti ọkùnrin tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó tẹ̀ wọnú bí ojú ìwọ̀. Ó ní kí n ki àtàńpàkò bọ̀ ọ́. Àtàńpàkò mi há síbẹ̀, kò lè yí. Ó gbé ti obìnrin fún mi, àtàńpàkò mi ń lọ, ó ń bọ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Ó wá mú ọwọ́ mi lọ síbi Alágbẹ̀dẹ. Háà! Àtàńpàkò mi ń yí fàlàlà.

Mo ní, “Èyí ò dáa o. Ta ló kọ́ ọ ní ti àtàńpàkò yìí?”

Ó ní, “Bàbá ni.”

Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni, tí wọ́n kó irinṣẹ́ ọkọ tì í. Ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ fi tu ara òun nínú nìyẹn. Ó wá fi egungun apá hàn mí. Ti ọ̀tún ki ju ti òsì lọ. Ibi tí iṣan ti so mọ́ ọn ga bí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, oríkèé ìgbọ̀nwọ́ sì ti jẹ bí ìdè ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì láti àárọ̀. Èmi tí mo ti fi òòlù jẹun láti kékeré, mo wo apá ọ̀tún tèmi, mo sì wo èyí. Kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé òòlù tì nìyí. Ẹni tó lò ó ni. Síbẹ̀ Ìyá Ìbejì ò gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó wo eyín, ó wo iwájú ìbàdí, ó pe dókítà egungun kan láti ilé ìwòsàn láìsọ fún un ẹni tó ń wò. Dókítà wò ó, ó ní obìnrin àgbà kan tó fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́ agbára ni.

Àṣìṣe tí àwọn awalẹ̀pìtàn nìkan lè ṣe nìyẹn. Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá rí òkú, egungun la máa wò. Àwọn, ohun tó wà lọ́wọ́ òkú ló ń wọ̀ wọ́n lójú. Bí òòlù bá wà níbẹ̀, ọkùnrin, bí abẹ́rẹ́ ni, obìnrin, ọ̀rọ̀ parí. Orí òkú ti fọ́ wẹ́wẹ́, ìbàdí wà nínú amọ̀, òòlù ti jẹ́rìí, ta ló tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?

Ilé wa ò gbádùn lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí Bàbá á fi lọ sinmi. Mo ní, “Ojú ti lọ, agbára ti lọ, èyí nìkan ló kù fún un. Ìwọ lo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?” Ó bínú sí mi débi pé oúnjẹ mi ń tutù lórí tábìlì. Lọ́jọ́ kejì mo tún mú ọgbọ́n mìíràn wá, mo rò pé ọgbọ́n ni. Mo ní kó gbé egungun náà fún Bàbá láìsọ ti ẹni tó jẹ́. Bí Bàbá bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé obìnrin ni, kó wá là á yé e. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò mọ òun rí.

Ó ní, “Ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń ríran ni mo fẹ́ lọ fi àìríran rẹ̀ tàn?”

Ojú tì mí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn náà ń sọ pé ìwé ìpè ti jáde, kó jẹ́ kí ayẹyẹ kọjá ná. Ó dá ọ̀gá lóhùn pé bí àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé lọ́jọ́ náà, tí òun sọ fún wọn pé ọkùnrin ni, kí ni òun wá ń walẹ̀ fún? Ọ̀gá ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa sọ fún Bàbá o.

A jọ lọ. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, rédíò ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń ká aṣọ nínú yàrá kejì. Bó ṣe gbọ́ ẹsẹ̀ wa ni inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Káfíńtà, ṣé ẹ ti ṣẹ́gun ikán?” Ìyàwó mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sọ ọ́ láìfi kan pe méjì: ìbàdí, apá, dókítà. Bàbá pa rédíò.

Ó ní, “Ta ló ní obìnrin ni?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Òòlù ńkọ́? Ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo gbá a jáde, kì í ṣe ìwọ! Obìnrin wo ló ń lu irin?”

Ìyàwó mi gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò wárìrì. “Obìnrin wo ló ń walẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ ní kí n bọ́ sínú kòtò.”

Ẹ̀rù bà mí. Bàbá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ wa. Ó ní, “Ẹni tí mo ní kó kín mi lẹ́yìn ló fẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Ẹ máa lọ. Mi ò ní wá síbi ayẹyẹ kankan. Kí wọ́n pa orúkọ mi rẹ́ lára ògiri wọn.” Ọmọbìnrin rẹ̀ sáré jáde, kò mọ ẹni tí ì bá bẹ̀. A jáde. Ojú títì ni Ìyá Ìbejì ti sunkún, ní gbangba, níwájú àwọn alátẹ, kò bojú. Ó ń sọ pé, “Mo ti pàdánù bàbá lẹ́ẹ̀kejì.” Mo dì í mú. Mo bínú sí Bàbá, mo bínú sí ikán, mo bínú sí alágbẹ̀dẹ tí kò kúkú fi irun dídì ránṣẹ́ sí wa kí gbogbo wa mọ̀.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo fẹ́ yìí, bó bá ti mọ òótọ́, ó ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ó ń sunkún, ó ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ohun tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó sì fi orúkọ Bàbá ṣáájú pé òun ló wú u, òun ló sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi bọlá fún òkú náà. Ó ní ibi tí Bàbá ti mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé kí n fá irùngbọ̀n ère mi ni. Ó wò ó, ó ní fífá nìkan ò tó. Mo gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dùn mí dénú egungun, nítorí obìnrin wo ló fẹ́ kí wọ́n fi irú ojú tèmi rántí òun?

Ọjọ́ ìṣíde pé. Èrò pọ̀, àga Bàbá ṣófo níwájú. Ìyá Ìbejì dìde, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àga yẹn. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ẹnì kan. Bàbá ni, ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lápá. Kò kí ẹnikẹ́ni.

Ó ní, “Níbo ló wà?”

Wọ́n ṣí gíláàsì. Ìyàwó mi gbé egungun náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, “Bàbá, ìbàdí Alágbẹ̀dẹ tí ẹ wú ni mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́ yìí o.” Ó fẹ́ kó mọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Bàbá gbà á. Ó ń tọ́ ọ wò yíká bí ẹni ń tọ́ ojú ọmọ tó ti ìrìnàjò dé, títí ó fi dé ibẹ̀. Ó ki àtàńpàkò bọ̀ ọ́. Ta ni ì bá já arúgbó afọ́jú ní koro bó bá ní ó há? Àwa díẹ̀ tó mọ̀, a ò jẹ́ lanu.

Ó pẹ́. Ó yọ àtàńpàkò, ó tún kì í bọ̀ ọ́.

Ó ní, “Ó ń yí.”

Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fún ọmọ rẹ̀ mú. Ó tẹ orí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan egungun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, mà,” ó wí, gbogbo wa sì gbọ́. “Ojú mi ríran nígbà náà. Mi ò wò ni.”

Ó gbé orí sókè, ó ń yí ojú tí kò ríran náà kiri. Ó ní, “Ọmọ mi dà?”

Ìyá Ìbejì fẹ́ dáhùn, ẹkún ò jẹ́. Mo ní, “Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín níbí, Bàbá.”

Bàbá ní, “Káfíńtà, ìwọ kọ́ ni mo bi.” Ó na ọwọ́ títí ó fi rí èjìká ìyàwó mi, ó sì dì í mú. “Ẹ fún wa ní àga méjì. Wá jókòó tì mí, ọmọ mi, kí o sọ ohun tí o rí lára apá rẹ̀ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, má fo ibì kankan.”